Ìlà Kẹta Nínú Ìwé Ìpẹ̀jọ́ Ràfíátù

Agbo-ilé Sàlàkọ́,
Èjìgbò.
Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án, 1975.

Mùíbì ọmọ mi,

Ràfíátù ìyàwó rẹ ti pè ọ́ lẹ́jọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀. Akódà kóòtù mú ìwé ìpẹ̀jọ́ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, nígbà tí mo ń gé ṣòkòtò oníbàárà kan lọ́wọ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí o kò sí nílé, èmi bàbá rẹ ni kí n gbà á. Mo gbà á, mo sì fọwọ́ sí i.

Mo kí ọ ṣá. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àjò. Ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ ìránṣọ sì ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ gbé abẹ́rẹ́ mọ́.

Ohun tí Ràfíátù ń béèrè ni pé kí kóòtù tú ìgbéyàwó yín ká. Ìlà mẹ́ta ni akọ̀wé fi kọ ìdí ẹjọ́ rẹ̀. Mo da méjì kọ síhìn-ín gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà:

“Ọdún mẹ́rin ni ọkọ mi ti lọ sí Àbíjàn, kò padà wá wò mí rí.

“Láti ọjọ́ tó ti lọ, kò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí mi lórúkọ mi.”

Ìlà kẹta wà lábẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé akọ̀wé náà kò hàn tó, n kò sì rí i kà dáadáa.

Láti ọjọ́ kẹwàá oṣù tó kọjá ni Ràfíátù ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé Làmídì bàbá rẹ̀ ní Màsífà. Kò bá mi jà. Ó gbálẹ̀ àgbàlá, ó pọn omi kún àmù mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì gbé àpótí rẹ̀ lérí. Mo rò pé ó lọ kí wọn ni. Ìwé kóòtù ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kò ní padà.

Ní Iléyá tó kọjá, mo bẹ̀ ọ́ pé kó o wálé. O ní o ní irin ọkọ̀ tó o fẹ́ rà fún títà, pé bí o bá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ fún oṣù kan, ẹlòmíràn á jókòó síbẹ̀. N kò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n bí o bá wá nígbà náà, a kì bá tí wà níbi tí a wà yìí.

Ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ni ìgbẹ́jọ́. Bí o bá lè wá, wá. Bí o kò bá lè wá, kọ ohun tí kí n sọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàká Àdìsá.


Àjàmé, Àbíjàn.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, 1975.

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Ọlọ́run yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ibi tí mo wà.

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo rò pé ẹlòmíràn ni ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

N kò lè wá ní oṣù Kẹwàá. Kátì ìgbélùú mi wà ní ọ́fíìsì àwọn jándámù, ọlọ́pàá ibí, láti oṣù Keje, wọ́n ní wọ́n ń tún un ṣe. Ẹni tí kò ní kátì lọ́wọ́ tó bá kọjá ibodè, ó di ẹni tí kò ní padà wọlé mọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí mo ṣe dé láti Gánà ní 1969, pẹ̀lú ṣòkòtò kan àti ẹ̀wù kan, nígbà tí wọ́n lé wa. N kò fẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi? Ṣé nítorí pé mo wà lájò ni? Nígbà tí ẹ fẹ́ Ràfíátù fún mi ní 1971, mo lo oṣù mẹ́rin pẹ̀lú rẹ̀ kí n tó lọ, ó sì mọ̀ pé mo ń lọ. Làmídì bàbá rẹ̀ mọ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ ọmọ Àbíjàn tí kò mọ ohun tó fẹ́.

Ní ti ìlà kejì, òótọ́ ni, n kò kọ lẹ́tà sí i lórúkọ rẹ̀. Ta ló ń kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bàbá ni ọmọ ń kọ̀wé sí, pé bàbá ni yóò pe ilé jọ, tí yóò ní, “Mùíbì kí ẹ, lágbájá, ó kí ìwọ náà.” Kò sí lẹ́tà kan tí mo kọ tí n kò fi kí i. Ṣé ẹ kì í jíṣẹ́ ìkíni mi fún un ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ẹni tí ojú rẹ̀ dá ní ìwé náà kó bá yín ka ìlà kẹta. Ẹni tó fẹ́ dáhùn ẹjọ́, ó yẹ kó mọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ká mi lára ju ti kóòtù lọ. Ẹ kọ ojú ewé méjì sí mi, ẹ kò dárúkọ Sìdíkàt nínú rẹ̀. Ṣé òun náà wà ní Màsífà ni? Ọmọ bàbá ni ọmọ, Bàbá. Bí Ràfíátù bá fẹ́ lọ, ẹ má jẹ́ kó mú ọmọ mi lọ. Ẹ lọ gba Sìdíkàt lọ́wọ́ wọn kí ọjọ́ kóòtù tó pé. Títí di òní, fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ nígbà tó pé ọdún kan ni mo ń wò. N kò tíì rí i sójú. N kò fẹ́ kó di ẹni tí àwọn ará Màsífà máa fi hàn mí lọ́jọ́ kan pé, “Ọmọ rẹ nìyẹn.”

Mo fi bàtà pupa kan fún un sínú ẹrù tí Mọ́rúfù awakọ̀ gbé wá ní oṣù Keje. Ẹ kò sọ bóyá ó bá a lẹ́sẹ̀ mu.

Ọmọ yín,
Mùíbì.


Agbo-ilé Sàlàkọ́,
Èjìgbò.
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹwàá, 1975.

Mùíbì ọmọ mi,

Kóòtù ti jókòó ní ọjọ́ Ajé, wọ́n sì ti sún ẹjọ́ náà sí ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejìlá. Lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí ọjọ́ náà tó pé. A dúpẹ́, a ṣe ìtúnu ààwẹ̀ láìsí wàhálà.

Kí á tó wọlé, mo lọ bá Àyànníyì, akọ̀wé kóòtù, tí mo máa ń rán aṣọ fún. Mo ní, “Akọ̀wé, ṣé ẹni tó wà lójú iṣẹ́ ni ẹ fẹ́ dá lẹ́bi?”

Ó ní, “Bàbá Mùíbì, àjò kì í ṣe ìdí ẹjọ́. Bí àjò bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ìdajì Èjìgbò ni a ó kó wá síbí.”

Mo ní, “Lẹ́tà tí kò kọ sí i ńkọ́?”

“Ìyẹn náà kò tó. Àwọn adájọ́ máa ní bí ọkọ bá ti ń kí i láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ó ti kí i. Ìlà kẹta ni gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lé. Bí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, wọn yóò tú ìgbéyàwó náà ká lọ́jọ́ náà. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, ilé ọkọ ni obìnrin náà ń padà sí.”

Ó wá béèrè bóyá mo ní ohun kan lọ́wọ́ tó lè fi hàn pé o ń ro ti ilé. Mo ní mo ní lẹ́tà rẹ. Ó ní kí n kó wọn wá. Mo sáré lọ sílé, mo kó gbogbo èyí tó dé láti ọdún tó kọjá. Mo ti ka ìkíni tó wà nínú wọn fún ara mi tó ìgbà mélòó, mo mọ̀ pé wọ́n dára, n kò tún wọn wò.

Àyànníyì ka mẹ́ta sókè. Nígbà tó ka èyí tó o kọ ní oṣù Kẹfà ọdún yìí, àgbà adájọ́ gbé ọwọ́ sókè pé ó tó. Ràfíátù jókòó sórí ilẹ̀ gbalasa, lójú gbogbo ènìyàn, bàbá rẹ̀ sì mú un jáde.

Adájọ́ ní kí ìwọ fúnra rẹ kọ̀wé wá, ní ọwọ́ ara rẹ, kó o fi dáhùn ìlà kẹta: o mọ̀, tàbí o kò mọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní gba ti ẹlòmíràn.

O ní kí n lọ gba ọmọ ní Màsífà. Ọ̀rọ̀ ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń sọ nínú ìwé. Fara balẹ̀. A ó sọ ọ́ bí o bá dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàká Àdìsá.


Ilé Làmídì,
Màsífà.
Ọjọ́ karùn-úndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, 1975.

Bàbá Sìdíkàt,

Mo kí yín. Leah tó jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi ni mo ń sọ ọ́ fún, òun ló ń kọ ọ́. Ó ní òun kò ní fi ọ̀rọ̀ tòun kún un, òun kò sì ní yọ kankan kúrò. Ilé ìfìwéránṣẹ́ la máa fi sí, n kò fi rán ẹnikẹ́ni.

Ní kóòtù lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ka lẹ́tà yín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ lẹ́tà yín bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ẹ ní, “Ṣé Sìdíkàt ti bẹ̀rẹ̀ ilé kéú? Ẹ má jẹ́ kí àfáà nà án, ọmọ kékeré ni.” Oṣù Kẹfà ọdún yìí lẹ kọ ọ́.

Bàbá Sìdíkàt, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kàn.

Sìdíkàt kú ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì, ọdún 1974. Ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sú láti orí dé ẹsẹ̀, kò lè mí dáadáa mọ́. Mo gbé e pọ̀n lọ sí dìsípẹ́ńsárì, wọ́n fún mi ní oògùn olómi. Ẹ̀yìn mi ló kú sí nígbà tí mo ń bọ̀ wálé. Mo rò pé ó sùn. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ló lò.

Mo bi bàbá yín bóyá wọ́n ti kọ̀wé sí yín. Wọ́n ní wọ́n ti kọ. Lẹ́yìn oṣù kan, mo tún béèrè. Wọ́n ní ẹ ti gbọ́, ẹ ní kí n ṣe sùúrù. Ọ̀rọ̀ kan yẹn, sùúrù, ni mo fi ń gbé fún oṣù mẹ́tàdínlógún. Àwọn tó ti Àbíjàn dé ní ara yín le, pé ẹ ń rẹ́rìn-ín, pé ẹ ti sanra. Mo ní ọkùnrin yìí gbọ́ pé ọmọ òun kú, ó ń rẹ́rìn-ín. Nítorí náà ni mo fi lọ sí kóòtù. Ìlà kẹta nìyí: “Ọmọ wa kú. Wọ́n fi tó o létí. Kò kí mi kú ọ̀fọ̀ títí di òní.”

Ní báyìí n kò mọ ẹni tí mo pè lẹ́jọ́. Mo bi akọ̀wé léèrè bóyá a lè yọ orúkọ yín kúrò, kí a fi ti bàbá ọkọ sí i. Ó ní kóòtù kò ní ìwé tí wọ́n fi ń kọ bàbá ọkọ sílẹ̀.

Bí ẹ bá kọ ọ́ ní ọwọ́ ara yín pé ẹ kò gbọ́, èmi fúnra mi ni n ó ní kí wọ́n pa ìlà kẹta rẹ́. N kò ṣe ìlérí ohun tó ju ìyẹn lọ. N kò lè gbé inú ilé yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ohun tí ẹ kò ṣe jáwèé fún yín.

Bí ẹ bá sì ti gbọ́, tí lẹ́tà oṣù Kẹfà yẹn jẹ́ ẹ̀tàn, ẹ kọ ìyẹn náà.

Ràfíátù.


Àjàmé, Àbíjàn.
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kọkànlá, 1975.

Bàbá,

Lẹ́tà yín àti ti Ràfíátù wọlé ní ọjọ́ kan náà. Tiyín ni mo kọ́kọ́ kà.

N kò mọ bí mo ṣe máa kí yín lónìí. Ẹ gbà pé mo kí yín.

Ṣé òótọ́ ni?

Ta ló wẹ̀ ẹ́? Níbo lẹ sin ín sí? Ta ló kírun sí i lára? Nígbà tí mo kọ̀wé ní oṣù Kẹrin ọdún 1974 pé ẹ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí pákó kí n lè ra bàtà, ẹ fi okùn kan ránṣẹ́ sí mi, ẹ ní gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ ta lẹ wọ̀n?

Aṣọ mẹ́rin ni mo ti fi ránṣẹ́ láti ìgbà náà. Mo máa ń gbé wọn kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ kan kí n tó dì wọ́n. Àwọn oníbàárà á ní, “Pàtírọ́ọ̀nù, ọ̀gá wa, ṣé aṣọ ọmọ lẹ tún ń tà ni?” Èmi á ní, “Rárá, ti ọmọ mi ni.”

Mo ti bá Mọ́rúfù sọ̀rọ̀ ní ibùdókọ̀. Mo bi í bóyá ó mọ̀. Ó ń nu gíláàsì ọkọ̀ lọ. Mo tún bi í. Ó ní, “Bàbá rẹ kò tíì sọ fún ọ, ṣé èmi ni n ó wá sọ fún ọ?” Gbogbo àwọn ará wa tó wà níhìn-ín ló mọ̀, Bàbá. Wọ́n ń bá mi jẹun.

Kátì mi kò tíì jáde. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá. Mọ́rúfù ń wọ Nàìjíríà lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún ni yóò gbéra. Òun ni yóò gbé lẹ́tà mi lọ fún kóòtù. Ìwé tí mo bá fi sọ́wọ́ rẹ̀ ni ìdáhùn mi, n kò ní kọ méjì.

N kò ní kọ ọ́ kí n tó gbọ́ ẹnu yín. Ẹ̀yin ni bàbá mi. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, kí ẹ sì sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí n dáhùn. Ẹ má pẹ́.

Mùíbì.


Agbo-ilé Sàlàkọ́,
Èjìgbò.
Ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, 1975.

Mùíbì ọmọ mi,

Òótọ́ ni.

Àwọn obìnrin ilé wa ló wẹ̀ ẹ́. Ìmáàmù àdúgbò ló kírun sí i lára. Ẹ̀yìn ilé, lápá ibi tí kànga wà, ni a sin ín sí. Kò sí òkúta lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ibẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà kó o dá mi lẹ́jọ́. O rántí Òjó ọmọ àbúrò mi ọkùnrin. Ní 1964, nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, èmi ni mo kọ̀wé túfọ̀ fún un ní Kùmásí. Ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló wọ ọkọ̀. Kò jẹun, kò sùn, ó ń bá awakọ̀ jà pé kó sáré. Ọkọ̀ náà dànù kí wọ́n tó dé Lomé. A kò rí òkú rẹ̀ gbé wálé. Láti ọjọ́ náà títí àbúrò mi fi kú, kò jẹ́ kí n rán aṣọ fún òun mọ́. Mo búra fún ara mi pé n kò ní fi ìwé túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò mọ́. Àwọn àgbà náà sọ bẹ́ẹ̀. Ilé ni wọ́n ti ń gbọ́ òfò, lẹ́yìn tí èèyàn bá ti jókòó, tó ti mu omi.

Mo ní bí Iléyá bá dé, wàá wálé, n ó sọ fún ọ. O kò wá. Ní àkókò yẹn o ti béèrè ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ti wọn ẹsẹ̀ ọmọ aládùúgbò fún ọ. O béèrè bóyá ó ti ń sọ̀rọ̀, mo ní ó ń sọ̀rọ̀. O béèrè bóyá ó ga, mo ní ó ga. Ọmọ náà ń dàgbà nínú lẹ́tà mi, n kò mọ bí mo ṣe máa pa á.

Àwọn aṣọ tó o fi ránṣẹ́, mo tú wọn, mo sì tún wọn rán fún àwọn ọmọ mìíràn, kí Ràfíátù má baà dá wọn mọ̀. Bàtà pupa náà wà ní Ìsúndúnrìn, lẹ́sẹ̀ ọmọ oníbàárà mi kan. Bí Ràfíátù bá béèrè ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, mo ní o ní kó ṣe sùúrù. Mo rò pé ohun tí wàá sọ náà nìyẹn.

O ní kí n sọ bí o ṣe máa dáhùn. N ó sọ ọ́, ojú sì ń tì mí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Sáfù kìíní, ìlà iwájú, ni mo ń dúró sí ní mọ́sálásí. Aṣọ ìgbéyàwó ìdajì àwọn ará àdúgbò yìí, èmi ni mo rán an. Bí wọ́n bá kà á sókè ní kóòtù pé Sàká Àdìsá fi òkú ọmọ pamọ́ fún bàbá rẹ̀ fún ogún oṣù, kí ni n ó tún jẹ́ láàárín wọn? Ìwọ kò sí níbí. Ohun yòówù tí wọ́n bá sọ nípa rẹ, o kò ní gbọ́. Ràfíátù sì ti sọ pé òun kò ní gbé ilé mi mọ́. Ìgbéyàwó náà ti tú, kóòtù ìbáà tú u, ìbáà má tú u.

Bí o bá lè kọ ọ́ pé o gbọ́, pé ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kí o lè kọ̀wé, tí ọ̀rọ̀ oṣù Kẹfà sì jẹ́ àròkàn bàbá tí kò fẹ́ gbà pé ọmọ rẹ̀ kú, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá lè kọ ọ́, n kò ní gbé ọ ṣépè.

Sàká Àdìsá.


Agbo-ilé Sàlàkọ́,
Èjìgbò.
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejìlá, 1975.

Mùíbì ọmọ mi,

Kóòtù jókòó lánàá, lẹ́tà rẹ kò sì tíì dé.

Agogo mẹ́wàá ni wọ́n pè wá. Àyànníyì jáde sójú títì lẹ́ẹ̀mejì láti wo ọ̀nà. Àgbà adájọ́ ní òun kò lè dúró de ọkọ̀ Àbíjàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, pé kí bàbá olùjẹ́jọ́ bọ́ síwájú. Wọ́n gbé Àlùkùránì fún mi. Mo ti ṣe àlùwàlá láti ilé.

Adájọ́ ní, “Sàká Àdìsá, ṣé ọmọ yín gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ kú, àbí kò gbọ́?”

Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun tí mo ní kí ìwọ kọ ni. Làmídì jókòó lápá ọ̀tún, Ràfíátù jókòó tì í, kò wò mí, ó ń wo ọwọ́ mi tó wà lórí ìwé náà.

Mo ní, “Kò gbọ́. Èmi ni n kò sọ fún un.”

Adájọ́ ní, “Ẹ tún un sọ kí akọ̀wé lè kọ ọ́.”

Mo tún un sọ.

Làmídì dìde. Ó ní, “Sàká, ẹ̀ẹ̀mejì lo wá jẹun nílé mi lẹ́yìn ìsìnkú ọmọ yẹn. O jẹun, o mu omi.” Wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó.

Mo rò pé ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n adájọ́ kejì ní ọ̀rọ̀ bàbá nípa ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ọmọ. Ó ní ta ni kò mọ̀ pé bàbá lè ru ẹ̀bi nítorí ọmọ kó má baà pàdánù ìyàwó? Ó ní ìwé ọwọ́ ara rẹ ni àwọn ń dúró dè, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ni àwọn yóò gbà: bí o bá ní o kò mọ̀, ìlà kẹta ṣubú, bí o bá ní o mọ̀, wọn yóò tú ìgbéyàwó náà ká lórí rẹ̀, wọn yóò sì kọ orúkọ mi sílẹ̀ pé mo fi Àlùkùránì purọ́. Wọ́n sún un sí ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kìíní.

Mùíbì, n kò mọ ohun tó o kọ. Bí lẹ́tà mi ti ọjọ́ kejì bá dé ọwọ́ rẹ kí Mọ́rúfù tó gbéra, o ti kọ ìwé rẹ lórí ohun tí mo bẹ̀ ọ́, tàbí o ti kọ̀ ọ́. Bí kò bá dé, n kò mọ ohun tó o fi dípò rẹ̀. Mo ń kọ èyí kíákíá kí ó lè bá ẹni tó ń lọ sí Àbíjàn lónìí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìwé tìrẹ ti wà lójú ọ̀nà, o sì ti sọ pé o kò ní kọ méjì.

Àwọn oníṣòwò méjì tó wọlé láti Kùtọnú láàárọ̀ yìí ní ọkọ̀ mẹ́rin láti Àbíjàn wà lórí ìlà ní ibodè, wọ́n ń tú ẹrù wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ní òun rí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tó jọ ti Mọ́rúfù, ṣùgbọ́n òun kò rí ojú awakọ̀ náà. Mo ti rán èèyàn lọ sí ibùdókọ̀ láti béèrè. Ẹni tí mo rán kò tíì padà.

Sàká Àdìsá.